Ìdí Tí Gbohùngbohùn Kò Fi Ní Etí

Àlọ́ yìí ń bọ̀ o!
Kó máa bọ̀, etí wa ṣí sílẹ̀!

Ó ń bọ̀ wá bá Gbohùngbohùn, ó ń bọ̀ wá bá Ehoro, ó ń bọ̀ wá bá Àwẹ̀ró àti Àkànmú, ọmọ rẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí Àwẹ̀ró kò tíì rí ìdáhùn sí: ṣé kí ìyá kọ́ ọmọ pé kó máa jẹ́ ìpè ni, àbí kó kọ́ ọ pé kó dákẹ́?

Àyà Àwẹ̀ró máa ń já. Àkànmú ò ju ọmọ ìrákòrò lọ tó ti ń kìlọ̀ fún un: "Bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ, tí o ò rí ẹni tó pè ọ́, má jẹ́ o. Iwin ni." Ọmọ náà gbọ́ràn.

Lọ́jọ́ kan wọ́n lọ ṣa ẹ̀gúsí lóko. Kí Àwẹ̀ró tó gbójú sókè, Àkànmú ti wọ igbó.

Àwẹ̀ró sáré tọ Gbohùngbohùn lọ lórí àpáta. Nígbà náà, Gbohùngbohùn ní ẹnu gbàǹgbà, ó sì ní etí gígùn méjì. Òun ló ń gba ohùn ẹlẹ́nu kékeré, tó ń gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ náà nìyẹn.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ bá mi pe Àkànmú. Ẹ pè é, kẹ́ ẹ dákẹ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ fetí sílẹ̀."

"Ìyàwó, èmi lo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn?"

Ó pè é lẹ́ẹ̀kíní. Igi mì. Igbó dákẹ́.

Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ẹyẹ fò. Igbó dákẹ́.

Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ohùn náà dùn mọ́ òun fúnra rẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́. Kò dákẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bi í léèrè ta ló tún ní irú ohùn bẹ́ẹ̀.

Wọn ò rí Àkànmú mọ́.

Ọdún méje kọjá. Ehoro, tó wà nínú igbó lọ́jọ́ náà, tó sì ti ń sá fún ọdẹ láti ìgbà yẹn, padà wá, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan fún Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró jókòó. Ó sọkún. Ó dìde, ó mú ọ̀bẹ, ó gun àpáta lọ.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń fi etí ṣe?"

Ó gé méjèèjì, ó kó wọn fún Ehoro. Ìdí nìyẹn tí etí Ehoro fi gùn. Ìdí nìyẹn tí gbohùngbohùn tí wọ́n ń gbé kọ́ sórí òpó lónìí fi jẹ́ kìkì ẹnu. Á pariwo mọ́ wa láràárọ̀, kò ní gbọ́ tiwa.

Ọ̀rọ̀ tí Ehoro sọ nìyí. Ẹ̀yìn àpáta yẹn gan-an ni Àkànmú wà. Ìpè kìíní, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ìpè kejì, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ìpè kẹta ló rọra dáhùn: "Màámi, ṣé ẹ̀yin ni?"

Ó dúró de èsì. Ẹ̀rín ló gbọ́. Ó ní iwin ni lóòótọ́, ó sì sá wọ inú igbó lọ.