Ẹni Tó Ń Lé Eṣinṣin fún Màlúù Àwẹ̀ró

Nílé Alágbọ̀n, ní ìlú kékeré kan ní Òkè-Ògùn, ọmọ ìyá mẹ́rin ló ń gbé pọ̀, láyé ìgbà tí ilé ṣì jẹ́ ilé. Sùlèmọ́nù ni àgbà wọn. Ó bá àwọn olóbì rìnrìn-àjò lọ sí Ìlọrin nígbà ọ̀dọ́, mùsùlùmí ló sì bọ̀. Jeremáyà ló tẹ̀ lé e. Òun ló ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. Ẹ̀kẹta ni Ọ̀ṣúngbèmí, tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tó sì ti padà sílé bàbá rẹ̀. Ọ̀ṣun tí ìyá wọn bọ ni òun náà ń bọ. Ọ̀jẹ́wálé ni àbíkẹ́yìn. Òun ló jogún iṣẹ́ agbọ̀n híhun lọ́wọ́ bàbá wọn, òun náà sì ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí.

Háà, ilé náà dùn! Bí Sùlèmọ́nù bá pa àgbò Iléyá, itan kan jẹ́ ti Jeremáyà, àyà jẹ́ ti Ọ̀ṣúngbèmí, ẹnikẹ́ni kì í béèrè bóyá wọ́n kírun tàbí wọn kò kírun. Bí ó bá di ọdún Kérésìmesì, Sùlèmọ́nù fúnra rẹ̀ ni yóò máa kígbe láti ìta pé, "Jeremáyà, ṣé ìrẹsì yẹn kò tíì jinná ni? Àbí ẹ fẹ́ kí ebi pa ìmàle yín kú?" Lọ́jọ́ ọdún Ọ̀ṣun ẹ̀wẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n ń jẹ ẹ̀fọ́ yánrin, wọn a lá àwo mọ́ tónítóní. Ẹ̀yin tí aládùúgbò yín ń ṣọdún lónìí tí ẹ ń ti fèrèsé pa, ẹ kò mọ ohun tí ẹ pàdánù.

Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọ̀jẹ́wálé, ló máa ń gbé oúnjẹ wọ̀nyí láti yàrá dé yàrá. Obìnrin tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ ni. Òun àti ọkọ rẹ̀ kò bímọ, ṣùgbọ́n ó ra abo màlúù kékeré kan lọ́wọ́ àwọn Fúlàní gàá, ó sì tọ́ ọ bí ọmọ. "Ọ̀rẹ́ mi" ló ń pè é. Bí ó bá pè é lẹ́ẹ̀kan, màlúù náà á gbórí sókè, á máa bọ̀. Ọ̀jẹ́wálé a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Àwẹ̀ró, bí mo bá pè ọ́, o kì í yára jẹ́ mi tó báyìí o."

Nígbà tí òjò ọdún kan ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni àìsàn dá Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀. Sùlèmọ́nù kọ hàntú sára wàláà, ó fọ̀ ọ́ sínú ife, ó gbé e wá. Jeremáyà gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó gbàdúrà sí omi inú ìgò, ó gbé e wá. Ọ̀ṣúngbèmí jí lọ sódò, ó pọn omi àárọ̀ sínú orù, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ lọ́nà títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ ẹní aláìsàn. Omi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀ lórí ìlà kan. Àwẹ̀ró mu nínú gbogbo wọn. Ọ̀jẹ́wálé jókòó síbi orí rẹ̀, ó ń gbọ́ àdúrà àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí wọ́n ṣe ń gbà á, tẹni kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú èdè tirẹ̀. Nígbà tí èémí obìnrin náà ń kéré sí i, àdúrà dàrú mọ́ wọn lẹ́nu. Lárúbáwá tán lẹ́nu Sùlèmọ́nù, ẹsẹ Bíbélì tán lẹ́nu Jeremáyà, oríkì odò tán lẹ́nu Ọ̀ṣúngbèmí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n ń sunkún pè. Kí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ tó pé, Àwẹ̀ró ti lọ.

Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀jẹ́wálé ti fi gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá tù ú nínú, ó ní, "Ẹ má bínú sí mi. Mo kan ilẹ̀kùn mẹ́ta lórí ìyàwó mi. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ilé òfìfo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Ọ̀jẹ́wálé, má sọ̀rọ̀ òdì!" Sùlèmọ́nù fi ọwọ́ bo etí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀, ẹ ní kó yọjú. Ojú mi ń wá a."

Ó dá wọn lóhùn báyìí, ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó wù ú kó jẹ́ pé irọ́ lòun ń pa. Nítorí bí kò bá sí ẹnì kankan lókè, ta ni Àwẹ̀ró lọ bá?

Òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ nígbà tí ìkookò kan já wọ ìdí igi ẹ̀mí, igi òrí tí wọ́n ń so màlúù mọ́, ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Kí wọ́n tó fi igbe lé e lọ, ó ti bu ìrù màlúù náà lọ láti ìdí. Bùbá, Fúlàní tó máa ń da màlúù náà pọ̀ mọ́ tirẹ̀ lọ jẹko láràárọ̀, wo ojú ọgbẹ́ náà, ó mi orí. "Bàbá, ọgbẹ́ yìí á san. Ṣùgbọ́n màlúù tí kò nírù kì í la òjò kan já. Eṣinṣin á jẹ ẹ́ títí á fi rù, á sì kú. Ẹ pe alápatà nísinsìnyí tó ṣì lẹ́ran lára."

Ọ̀jẹ́wálé kọ̀ jálẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo tí Àwẹ̀ró fi sílẹ̀ láyé, ṣé kí wọ́n wá gbé e sórí tábìlì alápatà? Ó sọ lójú gbogbo ilé pé, "Bí màlúù yìí bá kú, ẹ má tún dárúkọ Ọlọ́run kankan fún mi mọ́ títí n óò fi lọ bá Àwẹ̀ró."

Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Sùlèmọ́nù so tírà mọ́ ìwo ọ̀tún màlúù. Jeremáyà fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe àgbélébùú, ó so ó mọ́ ìwo òsì. Ọ̀ṣúngbèmí so aṣọ funfun àti idẹ kékeré mọ́ ọn lọ́rùn. Màlúù wá dà bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Ọ̀jẹ́wálé wò ó títí, ẹ̀rín pa á, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò rẹ́rìn-ín láti ìgbà tó ti sin ìyàwó rẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kò fi mọ sí ẹ̀rín. Lójoojúmọ́, tí oòrùn bá ti ń gbóná, tí Bùbá bá ti dá màlúù padà sí ìdí igi ẹ̀mí, Ọ̀jẹ́wálé á kó iṣẹ́ agbọ̀n rẹ̀ lọ síbẹ̀. Àwọn ará ilé rò pé ọ̀fọ̀ ló gbé e lọ. Wọn kò mọ̀ pé ó ti já ẹ̀ka eléwé kan, pé bí ó bá hun ìlà kan, á dìde, á fi ẹ̀ka náà gbá ìdí àti itan màlúù, á padà jókòó hun ìlà mìíràn. Agbọ̀n tó ń parí lọ́jọ́ méjì wá ń gbà á ní ọjọ́ márùn-ún. Ó ń ṣe é, ó sì ń bínú. Á ní, "Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará òkè, iṣẹ́ yín ni mò ń bá yín ṣe yìí o!" Màlúù á wò ó lójú, á máa jẹ àpọ̀jẹ lọ.

Òjò rọ̀ títí, màlúù kò kú. Ara rẹ̀ ń dán. Ẹnu ya Bùbá. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn ta ló ni iṣẹ́ ìyanu. Sùlèmọ́nù ní tírà òun ni. Jeremáyà ní ṣé tírà tí òjò ti pa, tó ti rà? Àgbélébùú ni. Ọ̀ṣúngbèmí ní kí àwọn méjèèjì lọ jókòó, omi ló ti wà ṣáájú ìwé. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ bí eré di ìjà. Iléyá ọdún yẹn dé, àgbò Sùlèmọ́nù kò kọjá ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọdún Ọ̀ṣun dé, Ọ̀ṣúngbèmí nìkan ló jẹ ẹ̀fọ́ yánrin rẹ̀, omijé sì wà lójú rẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹ́. Ilé Alágbọ̀n wá dákẹ́ bí ilé tí wọ́n kó kúrò nínú rẹ̀.

Èyí ló dun Ọ̀jẹ́wálé jù. Bí Àwẹ̀ró bá wà láyé, irú èyí kò lè ṣẹlẹ̀. Ó wá pinnu pé lọ́jọ́ ìrántí ọdún kan Àwẹ̀ró, tí gbogbo ẹbí bá pé jọ, òun á gbé ẹ̀ka òun jáde, òun á wí fún wọn pé, "Ẹ wo Ọlọ́run yín! Èmi Ọ̀jẹ́wálé ni!" Ojú á ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìjà á sì parí.

Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ìrántí náà pé ni ibà gbé e ṣánlẹ̀. Kò lè dìde, kò lè rìn. Ìgbà náà gan-an ni eṣinṣin pọ̀ jù, nígbà tí òjò ń lọ sópin tí koríko ga. Ó dùbúlẹ̀, ó ń ka ọjọ́: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ọ̀ṣúngbèmí ń gbé àgbo wá fún un, ṣùgbọ́n Ọ̀jẹ́wálé kò bi í léèrè màlúù, nítorí ẹ̀rù èsì tó máa gbọ́ ń bà á. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó yí ojú sí ògiri, ó sunkún. "Àwẹ̀ró, má bínú. Mo gbìyànjú. Ọwọ́ mi nìkan ló wà níbẹ̀, ọwọ́ mi sì ti rọ."

Ọjọ́ keje ló tó lè fi ọ̀pá rìn. Ó mú ọ̀nà ìdí igi ẹ̀mí pọ̀n, ọkàn rẹ̀ ti gbà pé òkú òun fẹ́ lọ wò. Nígbà tó yọ sí gbangba, ó dúró gbagidi.

Àwọn lékeléke ti dé. Wọ́n kún ẹ̀yìn màlúù, wọ́n kún ìdí rẹ̀, òmíràn wà lórí itan, wọ́n ń ṣa eṣinṣin jẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màlúù dùbúlẹ̀ gẹlẹtẹ, ó ń jẹ àpọ̀jẹ, ara rẹ̀ kò ní ojú ọgbẹ́ kan. Ọ̀jẹ́wálé wo àwọn màlúù Bùbá tó ń jẹko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Lékeléke wà lórí àwọn náà, ṣùgbọ́n bí ẹyẹ bá ti fẹ́ bà lé ìdí wọn, ìrù á gbá a kúrò. Ti Àwẹ̀ró nìkan ni wọ́n rí ìdí rẹ̀ jókòó lé, nítorí kò ní ìrù.

Ọ̀pá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò mọ ìgbà tó sọ pé, "Ta ló wà níbẹ̀?"

Ọjọ́ ìrántí pé. Oúnjẹ wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, nítorí ìjà àná ni wọ́n gbé dé ibẹ̀. Ọ̀jẹ́wálé dìde. Ó gbé ẹ̀ka rẹ̀ tó ti gbẹ jáde, ó jẹ́wọ́ bí òun ṣe fi gbogbo òjò lé eṣinṣin. Ojú ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe rò. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ó ní, "Ìyẹn ni mo fẹ́ fi dójú tì yín. Mo wá dùbúlẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà gbáko, èmi tí mo ń pe ara mi ní Ọlọ́run rẹ̀. Ẹ lọ wo ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi." Ó sọ ti lékeléke fún wọn.

Ẹ gbọ́ nǹkan! Kò tíì pa ẹnu dé tí Sùlèmọ́nù fi ní, "Allah ló rán wọn!"

"Jésù ni!" Jeremáyà náà dìde.

"Ẹyẹ funfun, aṣọ funfun," ni Ọ̀ṣúngbèmí wí. "Ṣé ó tún yẹ kí n sọ ẹni tó ni wọ́n?"

"Ẹ dákẹ́!" Ọ̀jẹ́wálé kì í jágbe mọ́ àgbà, gbogbo wọn dákẹ́. Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, lọ́jọ́ tí Àwẹ̀ró ń lọ, èmi ni mo jókòó síbi orí rẹ̀. Mo gbọ́ yín. Nígbà tí àdúrà tán lẹ́nu yín, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ké. Ṣé ẹ rántí rẹ̀?"

Ọ̀ṣúngbèmí ló kọ́kọ́ fi ìborùn nu ojú. Ó ní, "Olúwa."

"Olúwa," ni Jeremáyà wí.

Sùlèmọ́nù tẹrí ba. "Olúwa ni mo pè."

"N kò mọ ilé tó ń gbé," ni Ọ̀jẹ́wálé wí. "N kò mọ ìdí tí kò fi dáhùn lórí ìyàwó mi, mo ṣì ń bínú sí i. Ṣùgbọ́n ẹnì kan bá mi lé eṣinṣin nígbà tí ọwọ́ mi kò ká a mọ́. Orúkọ tí ẹ jọ fi sunkún yẹn ni kí ẹ jẹ́ ká máa pè é. Ọbẹ̀ Àwẹ̀ró ti ń tutù."

Sùlèmọ́nù ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sí àwo. Lọ́jọ́ náà, oúnjẹ tún rìn láti yàrá dé yàrá nílé Alágbọ̀n. Ọ̀jẹ́wálé kò wọ mọ́sálásí, kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kò tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ sódò títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, bí lékeléke bá ti dé, á lọ sí ìdí igi ẹ̀mí, á ṣí fìlà. Bí wọ́n bá bi í léèrè ta ló ń kí, á rẹ́rìn-ín, á tọ́ka sí màlúù ìyàwó rẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn àgbà ti gbọ́ ọ, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin.