Ìdí Tí Fíìmù Fi Ń Dúró De Ohùn

Láyé ijọ́un, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ri okùn dígí tí fóònù ń lò mọ́lẹ̀, tí Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, kò sí oníbodè lójú ọ̀nà náà. Ohùn ń gba ibẹ̀. Fíìmù náà ń gba ibẹ̀.

Ohùn kéré, kò ru nǹkan kan. Fíìmù ní tirẹ̀, ẹrù lórí, ẹrù lẹ́yìn, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í sì í tán lọ́nà. Ẹ sì mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n kọ́, bó bá pàdé ẹlẹ́rù lójú ọ̀nà tóóró, yóò yà fún un ni. Ẹ̀kọ́ ilé ti Ohùn tilẹ̀ pọ̀ jù.

"Ẹ kú ẹrù o," ni yóò wí. "Ẹ máa kọjá."

Fíìmù á kọjá. Òmíràn á tún dé. Ohùn á tún yà.

Ìyá àgbàlagbà kan wà ní Ìgbájọ, òun nìkan ló kù nínú ilé. Mojírádé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà lókè òkun. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá á gbé fóònù lé itan, á máa retí ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí Ohùn tó dé, á ti já sí wẹ́wẹ́: "Mà... ṣé... gbọ́..."

"Ọmọ mi ò fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ mọ́," ni ìyá wí. Ó gé ìpè náà, ó sì dojú fóònù délẹ̀. Ó dùn ún dé egungun.

Ìmọ́lẹ̀, tó ni ọ̀nà, bá Ohùn lẹ́nu ọ̀nà ìyá, ó ń sunkún.

"Kí ló ṣe ọ́?"

"Mo yà fún ẹlẹ́rù bí wọ́n ṣe kọ́ mi, bàbá. Ìyá ti tìlẹ̀kùn mọ́ mi."

Ìmọ́lẹ̀ mi orí. "Bí ẹrù Fíìmù bá pẹ́ dé, ẹrù náà ṣì ni. Bí ọ̀rọ̀ bá pẹ́ dé, ó ti bàjẹ́."

Ó fi oníbodè sójú ọ̀nà. "Bí o bá ti rí Ohùn, dá ẹlẹ́rù dúró."

Fíìmù yarí. "Èmi tí gbogbo ayé ń wò! Kí n dúró tẹrùtẹrù?"

"Dúró," ni oníbodè wí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, fóònù dún. Ìyá kọ́kọ́ ń wò ó. Nígbà tó yá, ó gbé e.

"Màámi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?" Ó dún ketekete.

Ìyá gbé fóònù mọ́ etí. "Mo ń gbọ́ ẹ. Má tíì sọ nǹkan kan. Ṣáà máa mí, mo ń gbọ́ ẹ."

Àtìgbà náà ni Fíìmù ti ń dúró ní bodè, tó ń yí po lójú kan pẹ̀lú ẹrù lórí, tí kò sẹ́ni tí ń bá a sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá rí òrùka kékeré tó ń yí lójú fóònù yín, ẹ má pòṣé. Ìyá ẹnì kan ló ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀.