Káfíńtà Tí Ó Ń Fi Ààwẹ̀ Wo Àjẹkì

Ọkùnrin kan ń bẹ ní ìlú wa lọ́hùn-ún, arábìnrin mi, tí ó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Bí ó bá kan àga fún ọ, ọmọ ọmọ rẹ ni yóò jogún rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni olórí ẹgbẹ́ aláàwẹ̀. Bí wọ́n bá kéde ọjọ́ mẹ́ta, òun á gba méje. Àwọn òbí a máa fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ wọn, wọn kò mọ̀ pé ọkùnrin náà ń sunkún.

Ohun tí ó ń pa á lẹ́kún nìyí. Ní àwọn ọ̀sán kan, nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bá wà níbi iṣẹ́ tí àwọn ọmọ sì wà ní ilé ẹ̀kọ́, á wọ yàrá tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí, á ti ilẹ̀kùn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Kì í ṣe oúnjẹ tí ènìyàn ń jẹ fún adùn ni mò ń wí. Á mu gààrí, á jẹ ẹ̀wà àná láì gbé e kaná, á jẹ odidi búrẹ́dì lórí ìdúró. Ikùn rẹ̀ á ní ó tó, ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbọ́. Bí ó bá parí, ojú á tì í débi pé kò ní lè wo ara rẹ̀ nínú dígí. "Ẹ̀mí wọ̀bìà ni," ni ó máa ń wí. Á sì tún ki ààwẹ̀ mìíràn bọ ara rẹ̀ lọ́rùn.

Nítorí ìtìjú yìí, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí kò ti bá ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ jẹun pọ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé bí ọwọ́ òun bá wọ inú àwo lójú wọn, kò ní jáde mọ́. Bí wọ́n bá ti gbé oúnjẹ kalẹ̀, á ní òun ń gbààwẹ̀, á jáde lọ jókòó sí ìta. Àbíkẹ́yìn rẹ̀, ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún, kò rántí ìgbà kankan tí bàbá rẹ̀ fi òkèlè sẹ́nu. Ní ọjọ́ kan ó bi ìyá rẹ̀ léèrè pé, "Mọ́mì, ṣé áńgẹ́lì ni Dádì ni?" Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá gbọ́ ọ níta, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lára bí ìṣó.

Ní ọ̀sẹ̀ náà, ó lọ tún ilẹ̀kùn ṣe fún ìyá àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Bí ó ti ń kan ilẹ̀kùn lọ́wọ́, kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ pátá. Ó wá béèrè pé, "Mà, ǹjẹ́ abẹ́rẹ́ kankan wà tí wọ́n lè gún ènìyàn tí ọ̀nà ọ̀fun á fi dí?"

"Bí ọ̀nà ọ̀fun bá dí, òkú lo dà yẹn," ni ìyá dáhùn. "Ọmọ mi, ìwọ kọ́ ló kọ́kọ́ ṣe, ìwọ kọ́ ni yóò ṣe kẹ́yìn. Àìsàn ni, kì í ṣe wọ̀bìà. Ó sì máa ń lọ bí a bá tọ́jú rẹ̀."

Ó mú ìwé kékeré kan fún un, èyí tí wọ́n kọ fún àwọn tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Ó tún fún un ní ìwé mìíràn tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. "Máa ka ti àkọ́kọ́ díẹ̀díẹ̀. Nínú èkejì, kọ ohun tí o bá jẹ, àsìkò tí o jẹ ẹ́, àti bí ọkàn rẹ ti rí. Máa gbé e wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a ó jọ wò ó fún ogún ìṣẹ́jú. Iṣẹ́ náà, ìwọ lo máa ṣe é. Èmi á kàn máa bá ọ di òdìkejì pákó mú ni."

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, káfíńtà gbé ìwé rẹ̀ dé. Ìyá ṣí i, ó kà á pé: "Mọ́ńdè, Olúwa ṣe é, mo ṣẹ́gun. Túsìdeè, ògo ni fún Ọlọ́run, kò sí ìṣubú. Wẹ́sìdeè, ààwẹ̀. Halelúyà!" Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ẹ̀rí lo kọ wá fún mi yìí o. Mi ò ní kí o jẹ́rìí. Mo ní kí o kọ ohun tí o jẹ."

Kò yà mí lẹ́nu ní tèmi. Àwa ará ṣọ́ọ̀ṣì mọ ìṣẹ́gun ròyìn dáadáa. Ọjọ́ tí a bá ṣubú ni a kì í fẹ́ gba makirofóònù.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó kọ òtítọ́. Ohun tí ó kọ nìyí: "Tọ́sìdeè, aago méjì ọ̀sán. Abọ́ gààrí mẹ́ta. Gbogbo ẹ̀wà àná. Ẹ̀pà. Mo wà lórí ìdúró. N kò jẹun láti àná. Inú mi bàjẹ́." Ìyá kà á tán. Kò bú u, kò wàásù fún un. Ó ní, "O ṣé gan-an. Tún kọ ti ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀."

Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, káfíńtà tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀. Ó mú pẹ́ńsùlù tí ó fi ń sàmì sí pákó, ó sì ń sàmì sí gbogbo ọjọ́ tí ó ṣubú. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wò. Gbogbo àmì náà bọ́ sí ọjọ́ ààwẹ̀ tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀. Kò sí ẹyọ kan tí ó bọ́ sí ọjọ́ tí ó jẹun àárọ̀. Ó pariwo, ó sì sáré dé ilé ìyá pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó lórí.

"Mà! Ààwẹ̀ tí mo fi ń lé e ló ń pè é wá!"

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ìwé mi ni!"

Ìyá bẹ́ sí ijó pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí o ti wá tún ilẹ̀kùn mi ṣe. Ká ní mo sọ ọ́ ni, à bá ṣì máa jiyàn títí di Kérésìmesì. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Láti òní lọ, jẹun láàárọ̀, jẹun lọ́sàn-án, jẹun nírọ̀lẹ́, kí o sì fi ìpanu díẹ̀ sí àárín wọn. Má fo ọ̀kankan."

Èyí kò rọrùn fún olórí ẹgbẹ́ aláàwẹ̀. Ọjọ́ méjì ni ó fi rò ó. Kí ni àwọn ènìyàn yóò wí? Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ń dàgbà, àwo oúnjẹ ilé rẹ̀ sì ń dúró dè é. Ó lọ bá pásítọ̀, ó ní òun fẹ́ fi ipò sílẹ̀, ó sì sọ ìdí rẹ̀. Pásítọ̀ wò ó tìfẹ́tìfẹ́. "Ta ló sọ fún ọ pé ebi rẹ ni Ọlọ́run ń jẹ?"

Má rò pé gbogbo rẹ̀ wá dán bí ojú dígí. Ní oṣù kejì, oníbàárà kan bú u, ó sì tún wọ yàrá náà, ó ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n kò gbààwẹ̀ lé e. Ó kọ ọ́ sínú ìwé, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ó jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà, bí ojú tilẹ̀ ń tì í. Èmi gbà pé ọjọ́ yẹn gan-an ni ó ṣẹ́gun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, ìyàwó rẹ̀ gbé iyán àti ẹ̀fọ́ sáàárín ilé. Ọkùnrin náà fọ ọwọ́, ó wá jókòó. Gbogbo wọn yíjú sí i. Ìyàwó rẹ̀ rọra béèrè pé, "Bàbá Títílọlá, ṣé ẹ ó jẹ ẹ́?" Ó ní òun á jẹ ẹ́. Ó bu òkèlè, ó jẹ ẹ́, ó tún bu òmíràn, ó ń bá wọn ṣẹ̀fẹ̀. Nígbà tí ó tó o, ó fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò, iyán sì ṣẹ́kù nínú àwo. Àbíkẹ́yìn sáré lọ sójú fèrèsé, ó ké sí gbogbo àdúgbò pé, "Dádì mi bá wa jẹun o!" Ìyàwó sá wọ ilé ìdáná lọ sunkún ayọ̀. Inú èmi pàápàá dùn bí mo ti ń sọ ọ́ yìí.

Arábìnrin mi, o wá bá mi láàárọ̀ yìí pé kí n bá ọ ya ọjọ́ mọ́kànlélógún sọ́tọ̀ kí àjẹkì lè fi ọ́ sílẹ̀. N kò ní bá ọ yà á. Àdúrà ni n ó máa bá ọ gbà, ìyẹn kò ní dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n ìwọ lọ ra ìwé, kí o kọ òtítọ́ sínú rẹ̀, kí o sì wá ẹni tí kò ní fi ọ́ ṣẹ̀sín tí yóò máa bá ọ wò ó. Bí o bá ṣubú lónìí, má fi ebi jẹ ara rẹ níyà lọ́la. O ti jìyà tó.

Ìyàwó mi ti gbé ògì àti mọ́ínmọ́ín kalẹ̀. Aago mẹ́jọ ti lù, o kò sì tíì fẹnu kan nǹkan láti àná. Fa àga yẹn súnmọ́ tábìlì, kí o bá wa jẹun.