Àpótí Àrán tí Ìjàpá Tà fún Erin

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi rìn títí, ó fẹsẹ̀ kọ àpótí, ó ṣubú lu Ìjàpá ọkọ Yánníbo.

Ní ìgbà kan rí, ìyàn ń bọ̀, iṣu sì ti tán nílé Ìjàpá. Ti Erin kún abà dẹ́nu ọ̀nà. Erin ní rédíò kan tó máa ń húkọ́ bó bá ń kọrin. Ó ní kí Ìjàpá bá òun jù ú sí ààtàn. Ìjàpá ò jù ú. Ó gbẹ́ àpótí ìrókò, ó fi àrán bò ó, ó ti rédíò náà sínú rẹ̀, ó gbé e padà wá.

"Bàbá, iṣu abà yín ni owó eléyìí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ohun tí kò bá wọ́n kì í dùn."

Rédíò húkọ́.

"Kí ló ń húkọ́ yẹn?"

"Olórin ló ń tún ọ̀fun ṣe. Rédíò olówó pọ́ọ́kú kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ irú ìyẹn."

Erin dijú. "Òótọ́ ni. Àfi bíi pé ó jókòó sórí itan mi."

Ìjàpá kó iṣu relé. Ó ní owó iṣẹ́ oko ni, Yánníbo sì gbà á gbọ́.

Ará ìlú wá kí Erin kú ìnáwó. Lọ́dọ̀ wọn, ẹni tó bá wá kíni kú ohun tuntun kì í bú u. Ewúrẹ́ ní ó dùn. Àgbò ní òun ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Yánníbo tẹ́tí, ojú rẹ̀ wọ àpótí náà.

Iṣu yẹn ì bá tó Ìjàpá jẹ. Ọ̀kánjúwà ò gbà. Ó tún tọ Erin lọ. "Bàbá, ó ní ẹ̀gbọ́n. Ìlọ́po méjì ni tirẹ̀."

"Gbé e wá. N ó wá iṣu."

Ìjàpá wọgbó, ó gbẹ́ àpótí ńlá. Nígbà tó rù ú dé, Erin ń fọwọ́ nu ọbẹ̀ lẹ́nu.

"Mo ta ti àkọ́kọ́ kí n lè ra ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Iṣu dé, ebi ń pa mí, ìyàwó mi bá gún un. Ìjàpá, ohùn odó yẹn dùn ju àpótí lọ. Máa gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ."

"Ta ló ra ti àkọ́kọ́?"

"Ìyàwó rẹ mà ni. Gbogbo iṣu ilé yín ló kó wá."

Ìjàpá sáré relé, Erin tẹ̀ lé e. Èrò ti kún ilé.

"Baálé, ẹ kú ìnáwó," ni Ewúrẹ́ wí.

Rédíò húkọ́.

"Olówó orí mi, ṣé ó dùn?" ni Yánníbo bi í.

Ìjàpá wo ibi tí iṣu wà tẹ́lẹ̀, ó ti ṣófo. Ó wo Erin. Bó bá ní kò dùn, kí ló tà fún un?

"Ó dùn," ni Ìjàpá wí. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń tún ọ̀fun ṣe."

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ jẹ́ kí etí gbọ́ kí ẹ tó béèrè iye. Ẹni tó bá sì ń ta irọ́ lọ́wọ̀n-ọ́n, kó kọ́kọ́ sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Àlọ́ mi ò húkọ́. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ tó húkọ́, ọ̀fun ló ń tún ṣe.