Mọ́tò Mojírọ̀lá Tó Ń Hó Lórí Òkè

Ní Òkè-Ìmẹ̀sí, níbi tí èèyàn kò ti lè rìn jìnnà kó má gun òkè, onídìrí kan wà tó ń jẹ́ Mojírọ̀lá. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ náà sì yá. Kò sóhun tó ń bà á lẹ́rù láyé yìí àfi ojú ìyá rẹ̀ tó ń ṣókùnkùn lọ. Ojú ọ̀tún Yèyé ti fọ́ pátápátá. Tòsì ló kù, òun náà kò sì ríran ré kọjá ọwọ́ mọ́. Dókítà ojú kan máa ń ti Ìbàdàn wá sí Adó-Èkìtì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láti ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó ti dá ọjọ́ Tọ́sìdeè fún Yèyé, ó sì ti kìlọ̀ pé bí wọn kò bá dé kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹlòmíràn lòun máa ṣe.

Ìbàdí tó ń dun Yèyé kò jẹ́ kó lè jókòó sínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń fún èrò mọ́ra wọn. Ìyẹn ló mú kí Mojírọ̀lá ra mọ́tò àlòkù kan, kí ìyá rẹ̀ lè rí ibi na ẹsẹ̀ sí lẹ́yìn. Ó ra mọ́tò, ó ra wàhálà mọ́ ọn. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, mọ́tò náà ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti kọjú sí òkè, abẹ́rẹ́ tó ń fi ooru ẹ́ńjìnnì hàn á fò sókè, èéfín funfun á sì máa rú jáde níwájú.

Ó gbé e lọ bá Jínádù, mẹkáníìkì tí kì í fi ojú kékeré wo iṣẹ́ ara rẹ̀. Ẹ sì mọ àṣà àwọn mẹkáníìkì wa: kí mọ́tò ṣáà ti gbóná, wọ́n á yọ nǹkan kékeré tó ń ṣílẹ̀kùn fún omi nínú ẹ́ńjìnnì dànù. Jínádù yọ ọ́, ó jù ú sígbó. "Àwọn ará ìlú òtútù ni wọ́n ṣe eléyìí fún," ló wí. Ó tún so wáyà fáànù kó lè máa yí láìdúró. Pàbó ló já sí. Mọ́tò ṣì ń hó.

"Àǹtí Mojí, ẹ́ńjìnnì yín ti kú. Ẹ jẹ́ ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ká gbé òmíràn sí i."

"Ìgbà wo ló máa parí?"

"Bó bá yá, oṣù tó ń bọ̀."

"Oṣù tó ń bọ̀ kẹ̀! Tọ́sìdeè ìyá mi ńkọ́?" Mojírọ̀lá gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ sílé.

Nígbà tí Tọ́sìdeè mọ́, ó gbé Yèyé sẹ́yìn ọkọ̀, ó sì kọrí sí Adó. Wọn kò tíì gun òkè dé ìdajì tí èéfín fi bo gíláàsì iwájú. Mojírọ̀lá dúró létí ọ̀nà, ó pe Jínádù lórí fóònù. Kò pẹ́ tó fi gun ọ̀kadà dé, àpò irinṣẹ́ rẹ̀ léjìká.

"Ṣé mo sọ àbí mi ò sọ? Ẹ jẹ́ kí n pe àwọn tó máa fà á lọ."

Mojírọ̀lá na ọwọ́ sí ìdérí rédíétọ̀, ìyẹn àgbá omi tó ń mú kí ẹ́ńjìnnì tutù. Jínádù gbá a lọ́wọ́ mú. "Háà! Ṣé ẹ fẹ́ kí omi gbígbóná bó yín lójú ni? Ẹ jẹ́ kó tutù ná!"

Wọ́n dúró. Oòrùn ń gòkè, omi sì lé ròrò sójú Mojírọ̀lá. Bí wọ́n bá fa mọ́tò yìí padà sílé, ojú kan tó kù fún ìyá òun ti lọ nìyẹn.

"Mojí, ṣé o ti jẹun?" Yèyé ló ń béèrè látẹ̀yìn.

"Màámi, ṣé oúnjẹ ló kàn báyìí?"

"Ebi kì í tún mọ́tò ṣe." Yèyé na ọwọ́ sínú fúláàsì oúnjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó mú ọ̀ọ̀lẹ̀ eléwé kan jáde, ó sì nà án sí i. Ìbínú ni Mojírọ̀lá fi já ewé náà, ló bá gé ibi tó nípọn jù jẹ.

"Yéè! Ahọ́n mi o!"

Ẹ̀rín pa Yèyé. "Ta ló rán ọ síbẹ̀? Ibi tó pẹlẹbẹ ló ti tutù. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wàá fi débi tó nípọn, òun náà á ti rọlẹ̀."

Mojírọ̀lá gé ibi tó pẹlẹbẹ jẹ. Ó yíjú sí Jínádù. "Ọ̀gá, ibi tó nípọn làwa náà ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Kí ló rọrùn jù láti yẹ̀ wò lára mọ́tò yìí, tí a kò tíì yẹ̀ wò?"

"Èwo ló tún rọrùn? Omi ni, rọ́bà omi, ìdérí…"

"Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ wọ́n wò."

Ẹ́ńjìnnì ti tutù nígbà náà. Ike tó ń gba àkúnya omi kún dé ẹnu. Mojírọ̀lá fi àkísà ṣí rédíétọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: omi inú rẹ̀ kò tó ìdajì. Jínádù họrí. "Omi ò jò sílẹ̀, rọ́bà ò là. Ó ń sá bọ́ sínú ike ni, kò sì rí ọ̀nà padà."

Mojírọ̀lá yí ìdérí náà sókè. Rọ́bà inú rẹ̀ ti gan, ó sì ti sán yíká. "Ọ̀gá, bí ìdérí ìkòkò kò bá dé dáadáa, ṣé omi inú rẹ̀ ò ní hó gbẹ?"

"Á gbẹ," ni Jínádù wí. Ó tú àpò rẹ̀, ó rí ìdérí kan tó yọ lára mọ́tò tó ti kú, rọ́bà tirẹ̀ sì dára. Ó ṣe wẹ́kú. Wọ́n rọra bu omi kún rédíétọ̀, wọ́n sì ṣíná. Jínádù náà wọ ọkọ̀, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí i.

"Ibo ni abẹ́rẹ́ dé?" Yèyé béèrè.

"Ìdajì ni, Màámi."

Wọ́n gòkè, wọ́n gòkè, wọ́n yọ sórí òkè. "Ó ti dé ibo?"

"Kò kúrò níbẹ̀!" Jínádù ló pariwo bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹni pé òun ló ni mọ́tò.

Dókítà ṣì ń fọwọ́ nígbà tí wọ́n wọlé. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì lójú Yèyé lọ́jọ́ kejì, ó wo ọmọ rẹ̀ títí. "Mojí, o mà ti rù o!" Ni Mojírọ̀lá bá bú sẹ́kún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó bá ní òwe tí mo fẹ́ pa yìí ti wà kí mọ́tò tó dé ilẹ̀ wa, kó gbé ìtàn tirẹ̀ wá. Tèmi rèé. Òun ló mú kí àwọn àgbà máa sọ ọ́, bí iṣẹ́ bá takú mọ́ni lọ́wọ́, pé ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ.