Ẹsẹ̀ Ajá, Ẹsẹ̀ Àrẹ̀mọ

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ṣé ẹ ò tíì jẹun ni? Ohùn yín ò jáde. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀ọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n, ẹ ti jí wàyí. Ààlọ́ mi ta kìtì, ó yí gbirigbiri, kò dúró lọ́dọ̀ ìjàpá, kò dúró lọ́dọ̀ ẹkùn, ó lọ bà lé ẹsẹ̀ ajá kan tí kò ní ẹni tó ni ín. Orin wà nínú rẹ̀ o. Ẹni tí kò bá gbè é, n ó ní kó lọ sùn.

Ní ayé àtijọ́, ní ìlú kan tó ń jẹ́ Òkè-Amọ̀, ọba kan wà. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí. Adélọyè ni orúkọ ọmọ náà, òun sì ni Àrẹ̀mọ. Òkè gíga kan wà lẹ́yìn ìlú yẹn. Lọ́dọọdún, bí wọ́n bá fẹ́ jẹ iṣu tuntun, Àrẹ̀mọ ni yóò gbé iṣu àkọ́wà gun òkè náà. Wọn kì í gbé e pọ̀n. Wọn kì í fà á lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi gùn ún. Bí kò bá lè gùn ún, ipò ọba ti bọ́ lọ́wọ́ ilé wọn nìyẹn, ó di ti ilé mìíràn.

Ní ìgbà ọyẹ́, Adélọyè rí àgbálùmọ̀ kan lórí igi. Ó pọ́n, ó ń dán. Àgbálùmọ̀ kún ilẹ̀ o, ṣùgbọ́n ọmọ ọba ní ti ṣóńṣó orí ẹ̀ka ló wu òun. Ó gùn ún. Ẹ̀ka dá. Ó já bọ́, gbì! Eegun ojúgun rẹ̀ ṣẹ́.

Wọ́n sáré lọ pe Bàbá Láyọkùn. Bàbá yìí ló ń to eegun fún gbogbo agbègbè náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà wọn fún yín. Bí eegun ènìyàn bá ṣẹ́, wọn á mú adìyẹ kan, wọn á ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni wọn á máa tọ́jú adìyẹ. Ọjọ́ tí adìyẹ bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ọjọ́ náà ni ènìyàn á fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ṣé ó dára àbí kò dára? Ẹ fara balẹ̀ ná, a ń bọ̀ níbẹ̀.

Bàbá Láyọkùn ní, "Ẹ mú adìyẹ wá."

Ọba ní, "Adìyẹ kẹ̀? Adìyẹ tí ẹ ń ṣẹ́ fún ọmọ gbogbo ayé, òun náà lẹ fẹ́ ṣẹ́ fún ọmọ tèmi?"

"Kí ni Kábíyèsí fẹ́?"

"Ẹ ṣẹ́ ẹṣin."

"Ẹṣin tó bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ kì í dìde mọ́."

"Ẹ ṣẹ́ àgbò."

"Àgbò kan tó wà láàfin, ti ọdún ni, Kábíyèsí."

Ọba wo ìta. Ajá kan ń kọjá lọ, ó ń wá eegun jẹ létí ààtàn.

Ọba ní, "Ẹ mú ìyẹn."

Ẹ wo ọ̀rọ̀! Ajá ò pe ẹnikẹ́ni níjà. Ó ń tú ààtàn rẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n gbá a mú, wọ́n ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀. Inú mi kì í dùn tí mo bá dé ibí yìí, ẹ jẹ́ kí n tètè kọjá.

Bàbá Láyọkùn fi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ di ẹsẹ̀ ọmọ. Ó fi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ di ẹsẹ̀ ajá. Ó ní, "Kábíyèsí, ẹsẹ̀ méjèèjì ti di ọ̀kan báyìí. Oúnjẹ tí ọmọ bá jẹ, kí ajá jẹ ẹ́. Ibi tí ọmọ bá sùn, kí ajá sùn níbẹ̀. Bí ajá bá rìn, ọmọ á rìn. Bí ajá bá yarọ, ọmọ á yarọ."

Ọba ní, "A ti gbọ́."

Bàbá Láyọkùn bá gbéra lọ sí ìlú mìíràn, nítorí ilé kan ti wó lu àwọn ènìyàn níbẹ̀, iṣẹ́ sì pọ̀ fún un.

Ẹni tó ní òun ti gbọ́, ṣé ó gbọ́? Adélọyè ń jẹ iyán, ajá ń jẹ èèpo iṣu. Adélọyè ń sùn nínú ìyẹ̀wù, ajá ń sùn lẹ́yìn ilé ìdáná. Nígbà tó yá, ebi pa ajá débi pé ó fa ẹran kan yọ nínú ìkòkò. Àwọn alásè mú igi, wọ́n lé e. Ajá fi ẹsẹ̀ mẹ́ta sá. Ó sá kọjá ọjà, ó sá kọjá odò, ọparun tú dànù lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sá títí ó fi já sínú kòtò kan. Àwọn alásè ní kó máa lọ. Kò sí ẹnikẹ́ni láàfin tó tún rántí rẹ̀.

Kòtò amọ̀ Àrìnpé ni kòtò yẹn. Opó ni Àrìnpé, ìkòkò ló ń mọ tà. Ẹnu rẹ̀ mú bérébéré, àwọn oníbàárà kì í ná ọjà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dé kòtò láàárọ̀, ó bá ajá nínú amọ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ, jáde nínú amọ̀ mi."

Ajá ní, "Ìyá, n ò lè jáde."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀."

"Ta ni?"

"Àwọn ará ààfin."

"Kí lo ṣe fún wọn?"

Ajá lá ẹsẹ̀ náà. Ó ronú títí. Ó ní, "Ìyá, n ò mọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Àrìnpé lára, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ajá mọ̀. Ó pòṣé. Ó ní, "Èmi kì í sin ajá o. Títí ẹsẹ̀ ẹ á fi san ni. Tó bá ti san, kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀." Ó tú ìró rẹ̀, ó pọn ajá sẹ́yìn bí ọmọ, ó ń gbé e lọ sílé.

Àwọn aládùúgbò rí i, wọ́n fi ṣẹ̀sín. Wọ́n ní, "Àrìnpé, o kú ewu ọmọ." Wọ́n ní, "Ajá yìí mà ti tán, lọ gbé e jù nù." Àrìnpé kò bá wọn jà. Ó kàn sọ ajá lórúkọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé orúkọ ajá la fi ń fún aládùúgbò lésì. Kòìtán ló sọ ọ́. Láàárọ̀, á pariwo, "Kòìtán, wá jẹun." Lọ́sàn-án, á pariwo, "Kòìtán, wá mu omi." Tí ilẹ̀ bá ń ṣú, á tún pariwo, "Kòìtán, wọlé." Àwọn aládùúgbò á fọwọ́ di etí.

Ó fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ náà. Ó fi òrí ra á. Ó fi ọparun tuntun dì í. Ohun tí ó bá jẹ ni ajá ń jẹ. Nígbà tó pẹ́, eegun jinná. Eegun jinná o, ẹ̀rù ò jinná. Bí ajá bá fẹ́ fẹsẹ̀ náà kan ilẹ̀ líle, á ké, á gbé e kọ́. Àrìnpé bẹ̀ ẹ́, kò gbà. Ó fi ẹja tàn án, kò gbà. Ó bú u, kò gbà.

Àrìnpé ń lọ tẹ amọ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ amọ̀ kó tó rọ̀ fún ìkòkò. Bó ṣe wọnú kòtò, ó wo amọ̀, ó wo ajá. Ó gbé ajá wọnú amọ̀ rírọ̀. Amọ̀ gbà á níkùn mọ́ra, kò lè ṣubú, kò sì sí ilẹ̀ líle tí yóò dùn ún. Àrìnpé bẹ̀rẹ̀ sí tẹ amọ̀, ó ń kọrin. Ẹ gbè é dáadáa:

Kòìtán, gbẹ́sẹ̀ sílẹ̀ —
*Tẹ̀ ẹ́, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀!*
Amọ̀ rọ̀, kò ní ṣe ọ́ —
*Tẹ̀ ẹ́, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀!*
Amọ̀ tó ń di ìkòkò —
*Tẹ̀ ẹ́, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀!*
Á gbé ẹsẹ̀ tìrẹ ró —
*Tẹ̀ ẹ́, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀!*

Ajá fi ọmọ ìka kan amọ̀. Kò dùn ún. Láàfin, Adélọyè ní, "Ẹsẹ̀ mi ń yún mi." Ní ọjọ́ kejì, ajá fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ amọ̀. Adélọyè ní, "Ẹsẹ̀ mi ti gbóná." Ní ọjọ́ kẹta, ajá fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ ẹ́, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, amọ̀ ń ta sí Àrìnpé lójú, ó ń rẹ́rìn-ín. Adélọyè sì dìde dúró lórí ibùsùn.

Ààfin dàrú fún ayọ̀. Olorì ní ọbẹ̀ òun ló ṣiṣẹ́. Àwọn ìjòyè ní ìwúre àwọn ló gbà. Ọba ní ẹ̀jẹ̀ ọba ni, kì í rọ. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ajá. Ẹ̀yin ẹ sọ, ojú ò tì wọ́n?

Ìgbà náà ni Bàbá Láyọkùn dé láti ìrìn àjò. Ó ní, "Ọmọ ń gbádùn. Ajá ńkọ́?"

Wọ́n ní, "Ajá wo?"

Bàbá Láyọkùn ká ọwọ́ lérí. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó yé ọba. Wọ́n sá sókè, wọ́n sá sódò, wọ́n ń wá ajá kiri. Wọ́n gbọ́ orin létí odò, wọ́n já wọnú kòtò amọ̀, wọ́n gbé ajá.

Àrìnpé ní, "Ẹ dúró, kò tíì san tán."

Wọn ò dúró.

Ọba ní kí wọ́n tẹ́ àrán fún ajá. Wọ́n tẹ́ ẹ. Ó ní kí wọ́n máa bọ́ ọ lẹ́ran. Wọ́n ń bọ́ ọ. Ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, kó má baà tún ṣẹ́. Bàbá Láyọkùn ní, "Kábíyèsí, ẹsẹ̀ tí kò bá rìn á gan." Ọba ní, "A ti gbọ́." Ẹ ẹ̀ rí i pé ó tún ti gbọ́.

Ẹsẹ̀ ajá gan paali. Ẹsẹ̀ Adélọyè gan paali. Ọdún iṣu tuntun sì ku ọ̀tunla. Ilé kejì tó ń dúró de adé ti ń rán aṣọ. Ọba ò lè jẹun mọ́. Ó ní kí wọ́n pe amọ̀kòkò wá.

Ó ní, "Kí lo fi wo ajá yìí?"

Àrìnpé kúnlẹ̀, ó ní, "Amọ̀ ni, Kábíyèsí."

"Gbé amọ̀ náà wá síbí."

"Kábíyèsí, kòtò kì í rìn. Kí wọ́n gbé àwọn méjèèjì tọ̀ ọ́ lọ."

Àwọn ìjòyè ní ọmọ ọba kì í wọnú ẹrẹ̀. Adélọyè fúnra rẹ̀ ní, "Ẹ gbé mi lọ."

Gbogbo ìlú tú jáde. Wọ́n gbé ọmọ ọba sínú amọ̀, wọ́n gbé ajá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Adélọyè wo ajá. Ó ní, "Bàbá Láyọkùn, kí ló pa èmi àti ajá yìí pọ̀?"

Bàbá Láyọkùn sọ òtítọ́. Ó ní, "Wọ́n ṣẹ́ ẹ lẹ́sẹ̀ kí ẹsẹ̀ tìrẹ lè san."

Ajá gbọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa gbọ́ ọ nìyẹn. Ó wo ọba. Ó jókòó. Bó ṣe jókòó ni Adélọyè fi ìdí lélẹ̀ nínú amọ̀.

Àrìnpé kọrin, ajá ò mira. Ọba ní, "N ó fún ọ ní ẹran lójoojúmọ́." Ajá ò mira. Ọba ní, "N ó fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ọ lọ́rùn." Ajá ò mira. Ọba ní, "N ó kọ́ ilé fún ọ."

Ajá ní, "Kábíyèsí, kí ni mo ṣe fún yín?"

Ọba wo ilẹ̀. Ó rọra sọ ọ́ pé, "O ò ṣe nǹkan kan."

Ajá ní, "Ẹ jẹ́ kí ará ìlú gbọ́."

Ọba wo ọmọ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó bọ́ bàtà. Ó ká agbádá rẹ̀ sókè, ó wọnú amọ̀, ó dúró níwájú ajá. Ó gbé ohùn sókè, ó ní, "Ẹ̀yin ará Òkè-Amọ̀, ajá yìí kò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Mo rò pé nítorí kò ní ẹnìkan, kò lè dùn ún. Ajá, jọ̀ọ́, má bínú."

Ajá gbọn ara nù. Ó dìde. Adélọyè dìde! Àrìnpé kò dúró kí ẹnikẹ́ni sọ fún un, ó ti gbé orin. Ẹ dìde, ẹ̀yin náà, ẹ tẹ̀ ẹ́:

Kòìtán, gbẹ́sẹ̀ sílẹ̀ —
*Tẹ̀ ẹ́, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀!*
Adélọyè, gbẹ́sẹ̀ sílẹ̀ —
*Tẹ̀ ẹ́, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀!*
Kábíyèsí, gbẹ́sẹ̀ sílẹ̀ —
*Tẹ̀ ẹ́, pọ̀tọ̀pọ́tọ̀!*

Ọba ń tẹ amọ̀. Ìjòyè ń tẹ amọ̀. Ẹsẹ̀ tó gan ń rọ̀, ó ń rọ̀, ó rọ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ọjọ́ ọdún pé, Adélọyè gbé iṣu lé èjìká, ajá ń lọ níwájú. Ní ìdajì òkè, ẹsẹ̀ ọmọ gbọ̀n. Ilé kejì na ọrùn. Ajá dúró, ó wẹ̀yìn, ó dúró dè é títí ó fi mí tán. Wọ́n tún gbéra. Wọ́n dé orí òkè. Ariwo tó sọ ní ìsàlẹ̀, àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí igi.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Adélọyè kò wo ọba, kò wo ìjòyè. Ó ní, "Ajá, ṣé wàá bá mi gbé? Bí o bá kọ̀, n ò ní bínú."

Ajá yíjú sí Àrìnpé.

Àrìnpé ní, "Kí lò ń wò? Mo ní títí ẹsẹ̀ ẹ á fi san ni. Ó ti san. Máa lọ."

Ajá lá a lọ́wọ́, ó bá ọmọ náà lọ. Àrìnpé sọ fún àwọn aládùúgbò pé eruku ló wọ òun lójú. Irọ́ ló ń pa. Ó sunkún, ó sunkún gan-an, ó sì tọ́ kó sunkún. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí amọ̀ bá tó tẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ń sáré bọ̀ láti ààfin wá bá a tẹ̀ ẹ́. Láti ọjọ́ náà, Bàbá Láyọkùn kò ṣẹ́ adìyẹ mọ́. Ẹni tí eegun rẹ̀ bá ṣẹ́, á dì í fún un, tó bá jinná, á ní kó lọ bá Àrìnpé.

Ẹ̀kọ́ ààlọ́ mi nìyí: ẹ má ṣe fi ìrora ẹni tí kò ní olùgbèjà ra ìwòsàn tiyín. Bí ẹ bá sì ti ṣẹ ẹnìkan, bó jẹ́ ajá ni, ẹ lọ sọ ọ́ fún un kí gbogbo ìlú gbọ́.

Ibi tí ààlọ́ mi já sí nìyí, ó ti rìn dé ilé. Ẹni tó bá sùn lọ, kó lọ bi ẹni tí kò sùn.