Òpó Fóònù Ìdí-Apá

Ẹni tó bá ní òwe tí mo máa fi parí ìtàn yìí ti wà kí fóònù tó dé Òkè-Ògùn kò purọ́. Ṣùgbọ́n àwa ará Ìdí-Apá ní ìtàn tiwa nípa rẹ̀, bí a sì ṣe ń sọ ọ́ nìyí.

Alàgbà Ọ̀jẹ́níyì ló dá ilé-iṣẹ́ fóònù Ohùn-Òkè sílẹ̀, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá sọ pé abúlé wa kò tó ohun tí àwọn ń gbé òpó wá fún. Ó máa ń bá àwọn òṣìṣẹ́ gun òkè, á sùn sínú igbó, ẹ̀fọn á fi í ṣe oúnjẹ. Bí òpó kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, obìnrin tó dàgbà jù ní abúlé náà ló máa ń kọ́kọ́ fún ní fóònù, kó fi pe ọmọ rẹ̀ tó wà lọ́nà jíjìn jù. Ẹkún ayọ̀ ni wọ́n máa ń sun.

Ìbídàpọ̀, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Alàgbà bí, kò dé irú ibẹ̀ rí. Bó bá fẹ́ tẹ̀lé e, bàbá á ní, "Jókòó sílé jẹ́ẹ́. Ìyà tí mo jẹ, ìwọ ò ní jẹ ẹ́." Èkó ló ti kàwé, ó tún ré kọjá òkun. Nígbà tí eegun bàbá kò gbà á láyè láti gun òkè mọ́, ó kó ilé-iṣẹ́ náà lé ọmọ lọ́wọ́ pátápátá.

Àràárọ̀ ni Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n bàbá lóbìnrin, máa ń pe àbúrò rẹ̀ láti Ìdí-Apá. Lọ́jọ́ kan, ìpè náà kò wọlé. Bàbá pè, kò lọ. Ó jókòó, ó dìde. Ó bọ́ síta, ó tún wọlé. Ọkàn rẹ̀ ti sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n òun ti kú. Kò lè mú un mọ́ra mọ́, ló bá ní kí Ìbídàpọ̀ fi mọ́tò gbé òun lọ sí Ìdí-Apá.

Ojú ọ̀nà ni ọmọ ti jẹ́wọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti ta ilé-iṣẹ́ yẹn fáwọn ará Èkó kan. Wọ́n ní òpó táwọn tó ń lò ó ò bá ti pọ̀, àwọn máa pa á, ti Ìdí-Apá sì wà lára wọn. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń pè yín."

Inú bí bàbá gidigidi. Ó ń kó ọ̀rọ̀ jọ sínú de ìgbà tí wọ́n bá dúró.

Lábẹ́ òpó ni wọ́n bá Àwẹ̀ró, tó na fóònù sókè. Bó ti rí àbúrò rẹ̀ ló bú sẹ́kún.

"Ṣé o ṣì wà láyé? Láti àárọ̀ ni mo ti ń sunkún rẹ."

Bàbá dì mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ láti sọ òkò ọ̀rọ̀ sí i. Kó tó lanu, Àwẹ̀ró ti fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ń wo ọmọkùnrin tó dúró ti mọ́tò.

"Dírẹ́bà rẹ nìyẹn? Ní kó wá mu omi."

Bàbá rántí pé òun fúnra òun ni kò jẹ́ kí ọmọ náà dé ibẹ̀ rí, ló bá ju gbogbo ọ̀rọ̀ tó kó jọ sílẹ̀.

Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé, bí ẹnikẹ́ni bá ń fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ kúrò lọ́wọ́ iṣẹ́ ní Ìdí-Apá, àwọn àgbà á wò ó títí, wọn á ní: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.